Ẹ̀jẹ̀ Ajá Tó Wọ Bàálù

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ajá ní Abuja yìí, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà, èmi náà rèé. Láti Mpape tí mò ń gbé títí dé Durumi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ajá tó le débi pé mi ò lè mú un jókòó. Ẹ bi àwọn gáádì. Ajá tó bu mẹ́káníìkì jẹ lẹ́sẹ̀ ládùúgbò wa, tí gbogbo ayé gun orí fẹ́ǹsì, èmi ni mo rìn lọ bá a, mo ní, "Kai! Jókòó," ó sì jókòó.

Mi ò ka ìwé mẹ́wàá tán o. Kì í ṣe pé orí mi ò pé. Àwọn tíṣà ló ń fà á jù. Ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún un sọ, wọ́n á kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n á tún ní ká jọ kà á sókè. Èmi ò ní sùúrù ìyẹn. Ajá ò ní kí n ka nǹkankan sókè.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí wọ́n bá kọ ọ́ sójú pátákó fún mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mi ò rò pé ó máa yé mi tán. Mo kàn ń sọ ọ́ bí mo ṣe rí i ni. Mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, títí kan ajá náà, torí Mama ò fẹ́ ká máa pe orúkọ ẹ̀ kiri.

Mama ni mò ń bá tọ́jú ajá. Opó ni, ará Kogi, àwọn Òkun, tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì. Ilé tí Daddy, ọkọ ẹ̀, kọ́ sí Durumi ló ń gbé, òun àti gáádì kan ní géètì. Daddy ló ra ajá náà nígbà tó ṣì kéré, ìdajì ẹ̀ jẹ́ ti Jámánì, ìdajì yòókù mi ò mọ ibi tó ti wá. Kò pẹ́ tí ajá dé, Daddy ṣàìsàn, Daddy kú. Jẹjẹrẹ ni. Wọn kì í pe ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé yẹn. "Nǹkan yẹn" ni wọ́n ń pè é. Àtìgbà náà ni ajá ti di ẹnì kejì Mama. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ o, bó ṣe ń jókòó, bó ṣe ń dúró, bó ṣe ń gbó mọ́ àlejò láì bù ú jẹ. Tí ẹ bá rí ajá yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń ṣa eégbọn lára ẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe kí n tó mú un jáde. Ọwọ́ mi dé abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀, ó bá kókó kan pàdé. Mo fọwọ́ kan apá kejì, kókó wà níbẹ̀ náà. Ó le bí èkùrọ́, ó sì ń yẹ̀ lábẹ́ awọ.

Mama wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń wò mí. "Kí ló dé tó o dákẹ́? Ìwọ kì í dákẹ́."

Mo ní, "Kò sí nǹkankan, Mama. Eegun ló gbé mì. Ó máa lọ."

Mama ní, "Eegun méjì? Ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ajá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tiẹ̀ yé èmi tí mo sọ ọ́. Bí Mama ṣe wọlé lọ pe ọmọ ẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ ẹ̀ obìnrin, àǹtí tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Mama lóun ò ní wọlé, òórùn ilé dókítà ò bá òun lára mu mọ́. Ó jókòó sínú mọ́tò. Èmi àti Àǹtí la mú ajá wọlé.

Dókítà yẹn ò dàgbà púpọ̀, ọmọ Èkìtì ni, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Ó tẹ abẹ́ àgbọ̀n ajá, ó tẹ èjìká ẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn orúnkún ẹ̀. Gbogbo ibi tó tẹ̀ ló ní kókó. Mo ní, "Eegun ni, Dókítà." Ó wo ẹ̀yìn orúnkún ajá, ó wò mí, ó ní, "Ibí yìí ló gbà gbé e mì?" Àǹtí rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa omi díẹ̀ nínú kókó kan, ó fi sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó wò ó títí. Ó ní ohun tóun rí ò dá òun lójú. Ó lè jẹ́ àìsàn tí eégbọn ń kó ran ajá, ìyẹn máa ń mú kí kókó wú báyìí. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ó ní àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe, tó ń wá àmì tí jẹjẹrẹ máa ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ ẹ̀ nítòsí. Wọ́n á tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà sínú yìnyín, á wọ bàálù, á lọ òkè òkun.

Ẹ̀jẹ̀ ajá máa wọ bàálù! Èmi tí mo wà níbẹ̀ yẹn, mi ò tíì wọ̀ ọ́ rí.

Mo ní, "Irú àmì wo, Dókítà? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ máa yí àwọ̀ padà ni?"

Ó ní, "Rárá. Ara ajá, bíi tìẹ náà, sẹ́ẹ̀lì ló kún inú ẹ̀, nǹkan tín-ń-tín tójú ò lè rí. Inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni okùn kan wà tó ká mọ́ nǹkan, bí òwú télọ̀ ṣe ń wà lára igi ẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì bá kú, igi òwú yẹn á fọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀. Tára bá dá ṣáṣá, díẹ̀ la máa rí. Tí jẹjẹrẹ bá wà ńbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á máa pọ̀ ní ìpọ̀kúpọ̀, á sì máa kú lọ rẹpẹtẹ. Òwú á kún inú ẹ̀jẹ̀."

"Ẹ máa wá rí òwú yẹn?"

"A ò ní rí i. Ẹ̀rọ ló máa kà á."

"Ẹ máa wá mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni."

"A máa mọ̀ bóyá òwú pọ̀."

"Tó bá pọ̀ ńkọ́?"

"Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ."

"Ó lè jẹ́?"

"Ó lè jẹ́ àìsàn eégbọn náà. Ohunkóhun tó bá sáà ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n tí a bá fi kún èyí tí mo rí lábẹ́ awò, ó máa tọ́ wa sọ́nà."

Mo ní, "Dókítà, ẹ má bínú o, àyẹ̀wò wo ló ń sọ pé ó lè jẹ́? Èmi náà lè sọ bẹ́ẹ̀, mi ò ní wọ bàálù."

Àǹtí ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbọ́rọ̀ sétí. Dókítà ní ohun kan ló kù. Ajá ò gbọ́dọ̀ jẹun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, omi nìkan. Oúnjẹ máa ń da òwú yẹn rú, ó lè mú kó ga láìnídìí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọwọ́ ọ̀gá ni ajá wà.

Nígbà tá a padà dé Durumi, Mama wọlé, Àǹtí wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ojú ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní, "Gbọ́. Tó bá jẹ́ nǹkan yẹn ni, a ò ní fà á. Dókítà á fún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, tá á fi sùn tí kò ní jí mọ́, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. O ò sí níbẹ̀ nígbà ti Daddy. O ò rí bí Mama ṣe dà. Mi ò ní jẹ́ kó tún jókòó ti òmíràn kó máa wò ó títí tá á fi kú."

Mo ní, "Àǹtí, ajá mi..."

Ó ní, "Ajá ìyá mi ni."

Nígbà tí mo délé ní Mpape, mo sọ fún ọkùnrin tá a jọ ń gbé kọ̀m̀páùn, ẹni tó ń se ajá lóbẹ̀ ata tà fáwọn tó ń fọ́ òkúta. Mo rò pé ó máa bá mi kẹ́dùn. Ó ní, "Sànnu, ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ o. Oògùn máa ń ba ẹran jẹ́." Díẹ̀ ló kù kí n da ìkòkò ẹ̀ nù.

Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ẹ̀jẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ti ajá mọ́ inú ilé ẹ̀, mo bu omi síbẹ̀, mo kó abọ́ oúnjẹ ẹ̀ kúrò. Mo lọ bá Mama. Mo ní, "Mama, dókítà ní kò gbọ́dọ̀ jẹun o."

Mama ní, "Mo gbọ́."

Láàárọ̀, Àǹtí gbé wa. Inú mọ́tò, kó tó di pé a dé ọ̀dọ̀ dókítà, ajá ki ẹnu bọlẹ̀, ó bì. Nǹkan ìyẹ́lò ni, ó ki, ó sì ń rùn. Àǹtí kígbe nítorí mọ́tò ẹ̀. Mama kọjú sí fèrèsé. Nígbà tá a dé, mo sọ fún dókítà bí ẹni tó mọṣẹ́. Mo ní, "Ó bi òróòro. Àìsàn ti dé ibi ẹ̀dọ̀ ẹ̀." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó sì fún wa ní oògùn eégbọn pé ká bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ná. Ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ìdúró yẹn, ẹ má bi mí. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ lókè, mò ń fọwọ́ tẹ kókó nílẹ̀. Lọ́jọ́ kan màá ní ó ti dín, lọ́jọ́ kejì màá ní ó ti lé. Mama á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, á ní, "Ṣé ó ti ń lọ?" Màá ní ó ti ń lọ. Kò dá mi lójú.

Èsì dé. Dókítà pè wá. Àǹtí wá láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ báńkì lọ́rùn. Lọ́tẹ̀ yìí Mama wọlé, ó ní òun ò ní jókòó síta kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ nípa ajá òun. Dókítà fi ìwé hàn wá. Wọ́n ya ìlà kan síbẹ̀, apá kan àwọ̀ ewé, àárín ìyẹ́lò, ìparí pupa. Àmì ti ajá wa wà nínú ìyẹ́lò, ó ti ń súnmọ́ pupa.

Dókítà ní, "Ó ga."

Àǹtí ní, "Ó ga báwo? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Kì í sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mà. Ó ń sọ pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀."

Mo ní, "A ti mọ̀ pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀! Kókó wà lọ́rùn ẹ̀!"

Àǹtí di ojú. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá mi ò lágbára ó lè jẹ́, ó lè jẹ́. Nǹkan tí wọ́n ń sọ fún wa nígbà kan nìyẹn." Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ bá wa ṣètò abẹ́rẹ́ yẹn."

Mo wo Mama. Ojú Mama ò kúrò lára ajá, ajá sùn sórí ẹsẹ̀ ẹ̀, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ. Gbogbo ìmọ̀ mi nípa ajá, kò sí èyí tó wúlò nínú yàrá yẹn.

Dókítà ní, "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan ná. Ó dá yín lójú pé kò jẹun lọ́jọ́ yẹn?"

Mo fò dìde. "Dókítà! Èmi ni mo tì í mọ́lé! Èmi ni mo kó abọ́ ẹ̀! Tẹ́lẹ̀ rí ẹ ti rí ẹni tó..."

Mama ní, "Ó jẹun."

Gbogbo wa yíjú sí i.

Mama ní, "Kí ló ń ṣe yín? Taló ń gba abẹ́rẹ́ lórí ikùn òfìfo? Ìyá tó bí mi, kò gbé wa lọ gbabẹ́rẹ́ láìfún wa ní ẹ̀kọ mu. Èmi náà, mi ò gbé àwọn ọmọ mi lọ láìjẹun. Kí òòyì kọ́ ọ ńbẹ̀ kó ṣubú? Mo bọ ẹyin, mo da òróró ẹja inú agolo sórí búrẹ́dì, mo fún un láàárọ̀ kùtùkùtù kí ìwọ aláriwo yìí tó dé."

Mo ní, "Mama, mo sọ fún yín!"

"Mo ní mo gbọ́. Ṣé mo ní mo gbà ni?"

Dókítà bo ẹnu. Mo rò pé ó ń bínú, àṣé ẹ̀rín ló ń mú un. Ó wò mí, ó ní, "Nítorí náà, òróòro tó bì nínú mọ́tò..."

Ẹyin ni. Ẹyin ni! Mo gbọ́ òórùn ẹ̀ nínú imú mi níbi tí mo dúró sí. Dókítà ní, "Ìwọ ọ̀gá ajá, o ò dá ẹyin mọ̀?" Kódà Àǹtí tí ojú ẹ̀ ti pọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Mo bi dókítà, "Ṣé ẹyin ló wá gbé e lọ sí ìyẹ́lò ni?"

"Ó lè jẹ́ ẹyin."

"Ó tún lè jẹ́?"

"Ó lè jẹ́ eégbọn. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Èyí tí a ṣe yìí ò ṣeé gbára lé. A máa tún un ṣe."

Àǹtí ò fẹ́. Ó ní èyí kàn ń fa ìrora gùn ni. Mama wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i lédè Òkun, èyí tí kò yé mi. Àǹtí bá yíjú sí dókítà, ó ní, "Ẹ tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá tún ga, mi ò fẹ́ gbọ́ ó lè jẹ́ mọ́."

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju tàkọ́kọ́ lọ. Tẹ́lẹ̀, mo ní ẹyin tí mo lè sá sábẹ́ ẹ̀. Tó bá tún ga, kò sẹ́yin mọ́.

Dókítà ní ká lo oògùn eégbọn tán ná, ká tó gbẹ̀jẹ̀ míì. A lò ó tán. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú dé, mo ní kọ́kọ́rọ́ ilé ajá ò ní kúrò lọ́wọ́ mi. Mama bú mi. Ó ní, "Ìwọ ta ni tó o máa ṣọ́ mi nínú ilé mi? Tí òun ò bá jẹ, èmi náà ò ní jẹ. Ṣé ààwẹ̀ ṣòro ni?" Mo rò pé ẹnu lásán ni. Láàárọ̀ mo bá a tó ti wọṣọ, ó gbé báàgì sí itan, ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ajá. Tíì pàápàá kò mu. Ajá ń wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń wo Mama, ó ń ké wíń-wíń. Mama fi èdè ìlú ẹ̀ kí i pẹ̀lẹ́, ó ní, "Òkun o, ọmọ mi. Fara dà á."

Èmi ti ra kóṣé, àkàrà àwọn Hausa, lọ́wọ́ obìnrin tó wà ní jọ́ńṣọ̀n, mo fi ìwé wé e sínú àpò. Mi ò lè gbààwẹ̀ nítorí ajá, kí n má purọ́. Mama gbé imú sókè. "Kí ló ń ta sánsán lára ẹ?"

"Kò sí, Mama."

"Ebi ń pa ajá, ebi ń pa èmi arúgbó, ìwọ ń gbé kóṣé kiri níwájú wa. Gbé e jáde." Mo kó gbogbo ẹ̀ fún gáádì. Gáádì ní "Yáúwà!" bí ẹni pé ọjọ́ ìbí ẹ̀ ni. Ọ̀nà tá a gbà lọ sọ́dọ̀ dókítà, inú mẹ́ta ló ń kùn nínú mọ́tò, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ajá.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Ó wọ bàálù. A dúró.

Èsì kejì dé, gbogbo wa tún péjọ. Dókítà yí ìwé sí wa. Àmì ajá wa wà nínú àwọ̀ ewé. Mo pariwo. Mo fò, mo lu ọwọ́ mọ́ tábìlì, ajá fò dìde ó ń gbó. Mo ní, "Mo sọ fún yín! Mo ní kò sí nǹkankan! Kò ní jẹjẹrẹ!"

Dókítà ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Kí lẹ wá sọ?"

"Òwú inú ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀. Àwọn kókó náà ti dín, oògùn eégbọn ṣiṣẹ́. Ó jọ pé eégbọn ni. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ mìíràn wà tí kì í tètè fi àmì sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí èyí ń sọ ni pé a ò rí i."

Mo jókòó. Tó bá ga, ó lè jẹ́. Tó bá wálẹ̀, ó tún lè jẹ́. Kí wá ni bàálù gbé lọ gbé bọ̀? Àǹtí tẹ́wọ́ sílẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, "Dókítà, kò sí níbẹ̀ ni, àbí ẹ ò rí i ni?"

"A ò rí i, mà."

Mama ló sọ̀rọ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ohun tí wọ́n sọ fún wa nígbà ti Daddy náà nìyẹn. Wọ́n ní àwọn ò rí i."

Dókítà ní, "Ẹ má bínú, Mama." Mama ní, "Kí ni mo fẹ́ bínú sí? A padà sílé lọ́jọ́ yẹn. A ṣeré, a jẹun, ó ń bá mi jà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó pẹ́ díẹ̀ kí nǹkan yẹn tó wá yọjú. Ìgbà yẹn nìkan ni mò ń rántí tí mo bá fẹ́ sùn. Kí ẹnikẹ́ni má gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Àǹtí wo ìyá ẹ̀ títí. Ó wá bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ohùn ẹ̀ kéré. Dókítà ní òun ò ní abẹ́rẹ́ kankan tóun fẹ́ fún ajá yìí. Àǹtí gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Dókítà kọ́ mi bí mo ṣe máa máa tẹ kókó: ẹ̀gbẹ́ ìka ni, kì í ṣe orí ìka, kí n má sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ dẹ́ńgẹ́. Láràárọ̀ ni mò ń ṣe é báyìí. Mama á yọ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, á gbé abọ́ dání, ẹyin bíbọ̀ àti búrẹ́dì, ẹ má jẹ́ kí n sọ ti òróró ẹja.

Á ní, "Ṣé ó wà ńbẹ̀?"

Màá ní, "Ó kéré."

"Ó kéré ju ti àná?"

Màá tún tẹ̀ ẹ́. Màá di ojú kí ọwọ́ mi lè gbọ́ ọ. Èmi tí mo mọ ajá ju gbogbo ará Abuja lọ. Láàárọ̀ yìí náà, mo tẹ̀ ẹ́ títí ajá fi gbé ojú sókè wò mí.

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Mama."

Mama ní, "Ó dáa. Yọ ọwọ́ ẹ lọ́rùn ẹ̀, kó lè jẹun."